Ìgbà Tí Wọ́n Ń Fa Igi

Ibi tí wọ́n ti ń yan gàárì tí mo lọ jókòó sí ní Lálúpọn kò ní ògiri. Òpó igi mẹ́fà ni, páànù tó ti dógùn-ún wà lórí wọn, àdògán amọ̀ mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Ojú irin tó ti Ìbàdàn wá, tó gba ìlú náà kọjá lọ sí Ìwó àti Òṣogbo, kò jìnnà síbẹ̀. Mo fa àpótí kan, mo jókòó, mo mú ìwé àti bíírò jáde bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

“Ẹ dìde níbẹ̀ yẹn,” ni ìyá tó wà nídìí agbada àkọ́kọ́ wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Atẹ́gùn fẹ́ yí. Èéfín á bò yín.”

Kí n má baà ṣe àfojúdi ni mo ṣe dìde, torí n kò rí ohun tó jọ pé atẹ́gùn fẹ́ yí. N kò tíì rí ibòmíràn jókòó sí tí èéfín fi ya wá, tó bo àpótí náà mọ́lẹ̀. Ìyá náà kò béèrè bóyá mo rí i. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń yan gàárì. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá sọ òótọ́ ni yóò máa wí pé “ṣé ẹ rí i”, kò ní ráyè yan nǹkan kan.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ti jọ̀, ló ń bù sínú agbada, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Àfọ́kù igbá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ló fi ń fọ́n ọn káàkiri, òun náà ló fi ń kó o padà sí àárín. Bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń ṣe èyí, ẹsẹ̀ òsì ń ṣe tirẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lára igi tó wà lẹ́nu àdògán, ó ń tì í wọlé, ó ń fà á jáde, bí ẹni tó ń tẹ maṣíìnì ìránṣọ. Kì í wo iná. Etí ló fi ń ṣọ́ ọ. Gàárì tó ṣì tútù a máa dún ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ lórí irin, bí òjò wẹ́wẹ́ lórí ewé kòkó. Bó bá ti ń gbẹ, ìró náà á máa le, á di ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Láàárín ìró méjèèjì yìí ni ìyá náà ti ń fa igi, kí gàárì tó gbẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dúró kó gbẹ tán.

“Agbada ò mọ̀ pé ẹ ti fa igi,” ló wí. “Ooru tó wà lára ẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ ìgbà tó gbẹ tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ó ti jó nìyẹn. Iná dídá, ọmọdé náà mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.”

“Kí wá niṣẹ́, mà?”

Ó rẹ́rìn-ín. Gìgísẹ̀ rẹ̀ fa igi kejì jáde.

Nídìí agbada kẹta ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó. Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí pé ilé ló bá mi, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ilé ọkọ tó bá nílé lórúkọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí kò sí nídìí agbada rẹ̀. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ ń súfèé. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró yẹn rí kò ní béèrè ìdí tí àwọn baba wa fi ń pe àìsàn náà ní ikọ́ fée. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní ásímà. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ínhélà aláwọ̀ búlúù kan jáde, ó fín in sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, gbólóhùn tó kọ́kọ́ sọ ni, “Akọ̀wé, ẹ má bínú, mi ò tíì kí yín dáadáa.”

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni mo sìn ín lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ìyá alágàárì nìkan ni mo ní lọ́kàn láti kọ ìwé lé lórí. Láàbù tí a lọ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ náà ju ti Lálúpọn lọ.

Ọkùnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì fẹ́ràn kí èèyàn máa wo ọwọ́ òun, ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará láàbù. Ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti fi ẹ̀jẹ̀ ìyàwó wa sínú rẹ̀, ẹ̀rọ ti tẹ ìwé jáde. Síbẹ̀ ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i.

Ó mú ẹ̀kán kan láti inú ìgò kékeré onídèérí àlùkò, ó kán an sí ìpẹ̀kun dígí pẹlẹbẹ kan. Kò tó orí ìṣáná. Ó mú dígí kejì, ó gbé etí rẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí òrùlé, ó fà á sẹ́yìn títí ó fi kan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà sáré tọ etí dígí lọ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà náà ló tì í síwájú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò yára, kò falẹ̀, kò dúró lọ́nà. Ohun tó kù lórí dígí ìsàlẹ̀ dà bí ahọ́n. Ó nípọn níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ́lẹ́ lọ títí dé etí, débi tí èèyàn fi lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n dán an wò. Tèmi di ìgbì mẹ́ta àti ihò kan, bí ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Ó gbé e sókè síná, ó ní “Ó dáa,” pẹ̀lú irú ohùn tí tíṣà fi ń bá ọmọ tó gba òdo sọ̀rọ̀, ó sì jù ú sínú agolo àwọn nǹkan mímú.

“Ibi tó bá nípọn jù, wọ́n á gun ara wọn lórí, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ ń wò. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù, wọ́n á ti fàya. Ibi tí mò ń wá, wọn ò gbọdọ̀ gun ara wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ jìnnà síra.”

Lẹ́yìn èyí ló kan aró. Kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè fún un, aró ni: búlúù kan àti pupa kan tí wọ́n pò pọ̀ nínú ọtí. Orúkọ William Leishman ló ń jẹ́, dókítà ológun ọmọ ilẹ̀ Scotland tó tẹ ọ̀nà tó gbà po ó jáde ní ọdún 1901, láàbù ilẹ̀ wa kò sì tíì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí dòní. Ọkùnrin wa da aró bo ẹ̀jẹ̀ náà, ó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó da omi ìlọ́po méjì lé e, ó fi róbà kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i kí wọ́n pò mọ́ra. Awọ kan yọ lójú omi náà, ó ń dán, ó ń yí àwọ̀, bíi bẹntiróòlù lórí àgbàrá. Aago wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Kò wò ó. Awọ yẹn ló ń wò.

“Ìwé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ,” ló wí. “Aró ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé. Tí ooru bá mú, á tètè wọlé. Tí ìgò aró bá ti pẹ́, á yàtọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù, gbogbo ẹ̀ á dúdú, ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.”

Mo rántí gìgísẹ̀ ìyá Lálúpọn. Àwọn aláró wa náà, àwọn tó ń rẹ àdìrẹ ní Ìbàdàn, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ìgbà tí a ó yọ aṣọ ni iṣẹ́.

Ó fi omi ṣan án, ó nu ẹ̀yìn dígí, ó fi í ti ògiri kó gbẹ. Ó kán òróró kan sí i, ó rọ awò máíkírósíkóòpù lé e, ó sì yẹra fún mi.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ló kún ibẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, róbótó-róbótó, tí àárín wọn ṣá bí àkàrà tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀. Láàárín wọn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì funfun kan á yọjú, orúkọ lásán ni funfun yẹn, nítorí aró ti kùn ún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni nútírófíìlì, tí kókó àárín rẹ̀ pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí ìlẹ̀kẹ̀ tí òkùn rẹ̀ fẹ́ já. Ọkùnrin náà yí bọ́tìnnì díẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó, òun nìyí.”

Mo ti rí àwòrán rẹ̀ rí nínú ìwé. Àwòrán kò ṣe é ní òdodo. Kókó rẹ̀ pín sí méjì, òwú tín-ín-rín kan ló so wọ́n pọ̀, bí awò ojú tí wọ́n gbé sílẹ̀ lórí tábìlì. Yíká kókó náà, hóró-hóró wẹ́wẹ́ kún inú sẹ́ẹ̀lì bámúbámú, gbogbo wọn dọ́gba, gbogbo wọn pọ́n, bí ẹyin ẹja tí wọ́n fi epo sè. Aró pupa tó wọ hóró wọ̀nyẹn lára ń jẹ́ íósíìnì, orúkọ tó wá láti ara Éósì, òrìṣà àfẹ̀mọ́júmọ́ àwọn ará Gíríìsì. Ní 1879, Paul Ehrlich ará Jámánì rí i pé sẹ́ẹ̀lì yìí a máa fa aró náà mu ju àwọn tó kù lọ, ó sì fi orúkọ aró sọ ọ́: íósínófíìlì, ẹni tó fẹ́ràn íósíìnì. Kò sí ohun tó mọ̀ nígbà náà nípa iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe. Aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló rí tó fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọkùnrin láàbù gba àga rẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ń sún dígí lọ sókè, ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó sún un bọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń ro ebè tí kò fẹ́ tún ibi tó ti ro ro. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìkà kékeré tó ní bọ́tìnnì fún irú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ́, kọ́ọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu awò, ìka rẹ̀ kò ṣì. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, agogo ẹ̀rọ náà lù gbàn. Íósínófíìlì jẹ́ mẹ́rìnlá. Lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, láti oókan sí mẹ́fà ni.

Mo ní, “Ásímà yẹn nìyẹn.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ohùn rẹ̀ yí díẹ̀. “Aràn ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa níbí, tí mo bá rí mẹ́rìnlá, aràn ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Mi ò kọ ásímà sínú ìwé, mi ò kọ aràn. Mẹ́rìnlá ni mo rí, mẹ́rìnlá ni mo kọ. Kí wọ́n lọ yẹ ìgbẹ́ wò.”

Ẹnu mi wọhò. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ ìyàwó wa wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí aràn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aràn tó sọ yẹn ló là mí lójú, nítorí aràn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ sẹ́ẹ̀lì yìí níṣẹ́. Bí bakitéríà bá wọ ara, nútírófíìlì á gbé e mì, á pa á sínú ara rẹ̀. Ta ló lè gbé aràn mì? Ó tóbi ju sẹ́ẹ̀lì lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nítorí náà íósínófíìlì á lẹ̀ mọ́ ọn lára, wọ́n á pọ̀, wọ́n á tú hóró pupa wọn lé e lórí. Àwọn èròjà kan wà níbẹ̀ tó ń dá awọ aràn lu. Òmíràn wà tó ń fi ọ́síjìn dáná.

Iná tí mo wí yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ jà á fa ọ́síjìn mu lójijì, ìlọ́po-ìlọ́po bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀. Á ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan mọ́ ọ́síjìn náà lára, ọ́síjìn á sì di ohun tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, tó ń wá ohun tí yóò kọlù. Láti ibẹ̀ ló ti ń di háídrójìn pẹrọ́sáìdì, ohun kan náà tí wọ́n ń tà fún wa ní kẹ́míìsì, tí a ń pè ní háídrójìn, tí a ń dà sójú egbò. Nútírófíìlì á mú kílóríìnì tó wà nínú iyọ̀ ara, á fi kún un, á di ásíìdì kan náà tó ń ṣiṣẹ́ nínú Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Íósínófíìlì a máa lo brómíìnì dípò kílóríìnì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni ohun tí méjèèjì ń pò. Ẹ ò rí nǹkan. Nínú ohun tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè jókòó sórí abẹ́rẹ́, wọ́n ń po Hypo níbẹ̀ látìgbà tí a ti dáyé.

Ẹni tó ń dáná nínú ilé gbọ́dọ̀ ní omi nítòsí. Ara ní in. Ní 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Duke University ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà kan wà nínú ara tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa mú ọ́síjìn oníjàgídíjàgan yẹn, kó sọ ọ́ di háídrójìn pẹrọ́sáìdì kó tó ba nǹkan jẹ́. Òmíràn tó ń jẹ́ katalésì á wá sọ pẹrọ́sáìdì di omi àti ọ́síjìn tútù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti da háídrójìn sójú egbò rí ti rí katalésì lẹ́nu iṣẹ́: òun ló ń mú kó hó yàà. Ìyá mi máa ń sọ fún wa pé kòkòrò ló ń kú. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi dàgbà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù ni ìparí rẹ̀. Bí nútírófíìlì bá ti ṣe tán, kì í bẹ́ sílẹ̀ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sára àwọn ará ilé. Á ká ara rẹ̀ jọ, á sún kì, á kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan á wá gbé òkú náà mì, á sì tún ké sí àwọn tó kù pé ó ti tó. Wọ́n ń fa igi nígbà tí agbada ṣì gbóná.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ní ásímà, igi kì í jáde lásìkò. Kò sí aràn kankan níbẹ̀. Èérún ara aáyán ló wọlé, tàbí ìgbẹ́ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú bẹ́ẹ̀dì, eruku ọyẹ́, èéfín igi. Ara rí i, ó pè é ní aràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tú ìránṣẹ́ kan jáde, íńtálúkìn-5 lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló sì wà lẹ́nu ìránṣẹ́ náà. Ó sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó rán íósínófíìlì sí i. Ó sọ fún àwọn tó ti dé pé kí wọ́n má kú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pọ̀ lára ọ̀nà èémí, tí wọ́n ń tú ẹrù wọn sára ògiri ilé tí wọ́n wá ṣọ́. Irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá eruku jáde á rẹ̀ dànù. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ki bí ọ̀gì. Iṣan tó yí ọ̀nà náà ká á fún un pọ̀, atẹ́gùn tó yẹ kó gba ibi tó fẹ̀ jáde á wá máa gba ojú ihò abẹ́rẹ́, á sì máa súfèé.

Mo sọ èyí fún ọkùnrin láàbù, ó ní òun ti rí eérú iná náà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́. Nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ pè é kó wá wo nǹkan kan lábẹ́ awò: abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó mú lórí méjèèjì, tó ń tàn bíi dígí. Jean-Martin Charcot ará Faransé ti kọ̀wé nípa wọn ní 1853, Ernst von Leyden ará Jámánì rí wọn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn oní-ásímà ní 1872, kí Ehrlich tó fún íósínófíìlì lórúkọ rárá. Ara íósínófíìlì tó bẹ́ ni wọ́n ti ń jáde, wọ́n á sì ṣù di kírísítà. “Ó rẹwà,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì mi orí. “Ẹni tó ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ò lè dùbúlẹ̀ sùn, èmi dúró níbẹ̀, mò ń sọ pé ó rẹwà.”

Eérú mìíràn wà tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá ni awọ sẹ́ẹ̀lì, iná ọ́síjìn sì máa ń sọ ọ́ di ohun tí oòrùn ń sọ òróró tó pẹ́ níta. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ málóńdíáídì. Bí wọ́n bá da omi kan tó ń jẹ́ TBA pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ pupa rẹ̀ kúrò, tí wọ́n gbé e sínú omi gbígbóná, á pọ́n díẹ̀díẹ̀ bíi sóbò tí wọ́n bomi là. Bó bá ṣe pọ́n tó ni ìjóná ṣe pọ̀ tó. Àyẹ̀wò yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe òróró jíjẹ fi ń mọ èyí tó ti bàjẹ́. Àwọn kan ń tàbùkù sí i pé kò rí ṣáńṣán, pé àwọn nǹkan mìíràn lè mú un pọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kò wọ́n, kò sì béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ní 2013, Olúwafẹ́mi Olúwọlé, Gàníyù Arínọlá tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwọn ọmọ ogun ara ní Yunifásítì Ìbàdàn, Godson Ana, Christopher Olópadé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Ìdílé 59 ni, ní ìgbèríko ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tí igi nìkan ni wọ́n fi ń dáná. Wọ́n wọn èérún inú èéfín ilé wọn. Iye tó wà ní àárín jẹ́ nǹkan bí 1,575 máíkírógíráàmù nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, nígbà tí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà náà jẹ́ 25. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àti àwọn ọmọ, wọ́n wo bí iná àti omi ṣe dọ́gba sí nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ìyá àti àwọn ọmọ náà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ.

Ẹ má fojú kéré fífẹ́ yẹn o. Ẹni tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé pé kó mí sínú títí kò fi sí àyè mọ́, kó fi ètè di páìpù pinpin, kó fẹ́ ẹ bí ẹni tó fẹ́ já nǹkan, kó máa fẹ́ ẹ lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, nígbà tí gbogbo ọmọ àdúgbò wà lójú fèrèsé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí ìyá náà bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, iye tó jáde kò wúlò. Wọ́n á tún un ṣe, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á máa pariwo “ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fẹ́ ẹ, ó kù díẹ̀!” bí ẹni tó ń gbẹ̀bí.

Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn ìdílé yẹn gba àdògán tí kì í rú èéfín púpọ̀, èérún tó wà ní ilé wọn bọ́ sí nǹkan bí 130. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, àfi ìgbà tí mo rántí agbada. Àdògán tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kò lè gbé agbada gàárì. Ẹni tó bá fẹ́ ran àwọn obìnrin Lálúpọn lọ́wọ́ á kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ kí èéfín bò ó.

Dókítà fún ìyàwó wa ní ínhélà kejì, aláwọ̀ búráùn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un dáadáa. Búlúù ń tú iṣan tó fún, kò fọwọ́ kan iná. Búráùn kò ṣe nǹkan kan tí ojú lè rí lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ń sọ fún íósínófíìlì pé kí wọ́n lọ kú. Láti 2019 ni GINA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà lórí ásímà, ti sọ pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má ṣe gbára lé búlúù nìkan mọ́. Ìyàwó wa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tá a ń bá bọ̀, ó ní, “Akọ̀wé, èyí tí mo máa fín tí mi ò ní mọ̀ pé mo fín nǹkan, ṣé owó tí mo máa fi rà á náà á jẹ́ èyí tí mi ò ní mọ̀ pé mo ná?”

N kò rí èsì fún un.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà mo padà lọ. Wọ́n ti gbé agbada rẹ̀ kúrò ní ipò kẹta lọ sí ìpẹ̀kun, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọ́kọ́ kan. Ìyá àgbà ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn. Búráùn wà nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu, búlúù ṣì wà létí ìró. Ó ń yan gàárì, ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró láàárín ọ̀rọ̀ kó tó mí.

Mo jókòó ti ìyá àgbà, níbi tó nàka sí fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo di ojú mi kí n lè gbọ́ gàárì. Ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀. Ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀. Mo dúró de ìgbà tí yóò le. Nígbà tó jọ mí pé ó fẹ́ yí, mo ní, “Mà, ṣé ó ti tó fà?”

“Kí la fẹ́ fà?”

Mo la ojú. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, orí wọn nínú yanrìn, wọ́n ń rú èéfín tín-ín-rín. Lórí àdògán tí kò ní igi, àfọ́kù igbá rẹ̀ ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀, gàárì náà sì ń gbẹ.